Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹró

Kajú, dìde. Ilẹ̀ ti mọ́.
Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Caxias lọ sí Rio ti kọjá,
ó mi ife lórí tábìlì, ó mi eegun àyà mi.
Wo ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Dókítà Iracy ló ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn ọ́:
olú tó ń jẹ imú rẹ, ọmọ inú ilẹ̀ ni,
kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ènìyàn.
Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi,
níbi tí o ti fi èékánná ya mí lóṣù Ẹrẹ́nà.

Imú rẹ wú nígbà náà bí orúkọ rẹ,
bíi kajú tó jábọ́ tó ti rà.
Valdomiro tó múlé tì mí ní kí n dì ọ́ sínú àpò,
kí n jù ọ́ sẹ́yìn ilé ìpẹran.
Mo mú àpò. Mo dá a padà.

Hóró kan lójúmọ́.
Inú sàdíìnì ni mo ń fi í pamọ́ sí,
torí oògùn yìí kì í fẹ́ ikùn òfìfo.
Jucileide ọmọ mi lóyún, n kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìgò náà.
Ṣùgbọ́n lóṣù kejì, mo gbọ́n ju oníṣègùn lọ:
mo fún ọ ní méjì, kó lè yá.
O bì. O bì. O kọ omi.
Inú etí rẹ pọ́n bíi pupa ẹyin.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ,
ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà,
ó dá oògùn dúró títí ẹ̀jẹ̀ fi mọ́.
Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Wọ́n ní kéèyàn fẹ̀dọ̀ lórí òróǹró;
ta ló mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ológbò
ni màá fi kọ́ sùúrù, lọ́dún kọkànlélọ́gọ́ta mi?

Lónìí, irun ti ń hù nímú rẹ.
Valdomiro yọjú lórí ògiri:
"Ó ti jiná, kí lo tún ń náwó sí?"
Ojú egbò ló jiná, mo ní. Inú ńkọ́?
Oṣù kan sí i, ó kéré tán. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, lanu.
Má tutọ́ sí mi lára.
Gbé e mì, Kajú,
kí n yẹ inú etí rẹ wò nínú oòrùn.