Má Fọwọ́ Pa Á Lórí

Òjò ti ń ṣe wínníwínní lórí Elgoibar láti àná,
irú èyí tí kì í rinni lẹ́ẹ̀kan,
díẹ̀díẹ̀ ló ń wọnú aṣọ.
Odò Deba ti pọ́n, ó ń gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kọjá.
Aago mẹ́wàá alẹ́. Èmi àti ẹ̀rọ nìkan la wà lábẹ́ iná funfun.

Iṣẹ́ òní: ogún abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù
fún àwọn apẹja kan ní Ondarroa.
Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fẹ́, nítorí iyọ̀ òkun.

Mo ṣí àpótí ọ̀bẹ.
Eléyín méjì wà níwájú, ti alumíníọ̀mù nìyẹn,
àlàfo tó fẹ̀ wà láàárín eyín rẹ̀,
torí pé alumíníọ̀mù rọ̀, bí kò bá sì ríbi jáde
yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ẹ̀kọ mọ́ ìdí ìkòkò.
Ìyẹn lè sáré: ẹgbàárùn-ún ìyípo ní ìṣẹ́jú kan,
ó dín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò ní mí hẹlẹ.
Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo mú eléyín mẹ́rin, mìlímítà mẹ́wàá ní ìbú,
kábáìdì tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò lára.
Mo ṣírò bí Beñardo ṣe kọ́ mi:
ọgọ́ta mítà ni kí ẹnu ọ̀bẹ rìn ní ìṣẹ́jú kan;
fi ẹgbẹ̀rún sọ ọ́ di púpọ̀, fi ìbú ọ̀bẹ pín in, fi páì pín in.
Ẹgbàá ìyípo, ó dín àádọ́rùn-ún.

Ìyípo kò dẹ́rù bà mí.
Ibi tí ẹ̀rù wà ni ìtẹ̀síwájú,
ìwọ̀n tí eyín kọ̀ọ̀kan yóò bù jẹ:
ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà,
kò tó irun orí mi.
Mo rántí owó ọ̀bẹ, yúrò méjìlélọ́gọ́ta.
Mo rántí ojú Garaxi, tó ń kọ ìwé ìnáwó.
Mo dín in kù sí ìdajì. Mo tún dín in kù.
Mo ní, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀bẹ kìíní ké bí ọmọ tí wọ́n ń fá lórí,
ó ṣẹ́.
Èkejì kò tilẹ̀ ké.
Ojú irin níbi tí wọ́n gbà kọjá ń dán bíi dígí.
Mo fi fáìlì kàn án, fáìlì yọ̀.

Beñardo wọlé, gíláàsì ojú rẹ̀ ló gbàgbé.
Etí rẹ̀ ọ̀tún ti di tipẹ́,
nítorí náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ
bí ẹni tó ń wò ó bóyá ibà ń ṣe ọmọ.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ohun tó wà nísàlẹ̀:
ìyẹ̀fun ni, kì í ṣe èèpo.
"Kí ló dé tó o fi ń fọwọ́ pa á lórí?
Irin yìí ò mọ ìkẹ́. Bó o bá ń rà á lára, ńṣe ni yóò máa le sí ọ.
Gé e, àbí kó o fi í sílẹ̀."

Ọ̀bẹ kẹta. Mo fi ìyípo sílẹ̀ bó ṣe wà,
mo dá ìtẹ̀síwájú padà, mo fi díẹ̀ kún un,
kí eyín lè gba abẹ́
awọ líle tí ìbẹ̀rù mi dá sí irin lára.
Àyà mi ń já.

Ìró náà yí padà. Kò dùn, ẹ má ṣe gbà á lérò bẹ́ẹ̀.
Ó dà bí ẹni tó ń fa aṣọ nípọn ya ní yàrá kejì.
Èèpo ń fò jáde, ó ká kóńkó bí èékánná,
ó ń gbé ooru lọ, ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Beñardo ju ọ̀bẹ méjì tó ṣẹ́ sínú kọ́ọ̀pù tí tirẹ̀ kún.
Ó fi ìka tọ́ ògbólógbòó kan tó ti dógùn-ún.
"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí Anixe nìyẹn. Mi ò sùn. Mo sáré jù."
Ó jáde sínú òjò.

Abẹ̀bẹ̀ kan parí. Ó ku mọ́kàndínlógún.
Gíláàsì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó kọjú sí mi.