Ẹnu Ẹyẹ Létí Ọ̀rọ̀

Mo kọ̀wé sí ara mi:
"Iṣu mélòó ló kù nínú abà?"
Láti àdírẹ́sì iṣẹ́ mi
sí àdírẹ́sì tí mo fi ń gba ìròyìn bọ́ọ̀lù.
Mo dúró. Iná lọ, iná dé, iná tún lọ.
Nígbà tó jàjà wọlé, mo tẹ ibi ìdáhùn,
mo dá ara mi lóhùn: "Mẹ́ta. Ọ̀kan ti jẹrà."

Ẹ̀rọ fi èdè Faransé kọ ọ́ sókè
pé ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí,
lágbájá ló sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí;
ó wá fi àmì kan ti ọ̀rọ̀ náà lápá òsì,
ẹnu ẹyẹ kékeré, tó là, tí kò dún.

Mo tún fèsì. Ẹnu ẹyẹ di méjì.
Mo tún fèsì.

>>> Iṣu mélòó ló kù nínú abà?
>> Mẹ́ta. Ọ̀kan ti jẹrà.
> Èwo ló jẹrà?
Èyí tí a kò kà.

Kétu ti sùn.
Àwọn tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò lójú ọ̀nà Ìlárà
ti palẹ̀ mọ́. Èmi nìkan ni mo ń bi ara mi léèrè iṣu.
Ìyá wa wà ní yàrá kejì, wọ́n sùn
tàbí wọn ò sùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọn ò dárúkọ Ìbídùn.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, tí mo bá wọn kọ ọ́,
èmi akọ̀wé ilé, láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan:
"Ilé mi kì í ṣe ilé rẹ mọ́."
Ìbídùn fèsì láti Líbúrẹ́fíìlì. Kò bú ẹnikẹ́ni.
Ó kàn gé ọ̀rọ̀ Ìyá sí ìlà-ìlà,
ó ń fi tirẹ̀ sáàárín wọn,
bí ẹni ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo.
Fóònù mi gba lẹ́tà náà, ó gbé gbogbo ẹnu ẹyẹ mì.
Mo jókòó ti Ìyá. Mo kà á bí mo ṣe rí i,
ní ohùn Ìbídùn:

Ilé mi kì í ṣe ilé rẹ mọ́.
Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ èyí, Ìyá mi?

N kò tíì dé ìlà kejì tí wọ́n fi dìde.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Ẹ̀rọ ò gbọ́ òwe.
Bí a ṣe rán an ló ṣe ń jẹ́ ẹ,
nígbà mìíràn a gbàgbé ẹni tó rán an.
Ṣùgbọ́n kí n tó bú ẹ̀rọ:
ìka ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?

Mo fi lẹ́tà ọlọ́ṣọ̀ọ́ ránṣẹ́, aláwọ̀ mèremère:
ẹnu ẹyẹ pòórá.
Mo fi lẹ́tà lásán ránṣẹ́, dúdú lórí funfun:
gbogbo wọn pé síbẹ̀, wọ́n yanu.
Ọ̀ṣọ́ ló ń jẹ wọ́n.
Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kejì kí n tó mọ ìyẹn.

Ní ìdájí mo gbé fóònù lọ bá Ìyá.
Mo ní, bí mo bá na ìka sókè, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́;
bí mo bá ká a kò, Ìbídùn ni.
Mo na ìka sókè. Mo kà á.

Wọ́n wo ìka mi títí.
"Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́?"
Báyìí ni, Ìyá.

"Ká ìka rẹ kò. Jẹ́ n gbọ́ tirẹ̀."