Etí Lára Kẹ́ẹ̀gì

Ọjọ́ kẹfà rèé. Mo tún kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá,
mo gbé etí lé ara kẹ́ẹ̀gì
bí agbẹ̀bí tó ń gbọ́ ọmọ nínú ikùn.
Ó ń sọ̀rọ̀, kò pariwo,
bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń mu ìka lójú oorun:
pó... pó... á sinmi díẹ̀... pó.

Àwẹ̀ró, àbúrò ìyá mi, ló kọ́ mi ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́
ní Kúdẹtì, lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà.
A rẹ àgbàdo sómi, a tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó hù,
a sá a, a lọ̀ ọ́, a sè é títí ilẹ̀ fi ṣú,
a sẹ́ ẹ, a fi aṣọ funfun dè é lẹ́nu.
Ìyẹn ò le. Ọwọ́ lásán ló ń ṣe é.
Ìgbà tó bá ku ká rọ ọ́ sígò
ni ọtí ń wojú ẹni pé: o mọ̀ mí, àb'o ò mọ̀ mí?

Èmi tí mo fọ ìgò fún ọdún mọ́kàndínlógún
ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo ra òṣùwọ̀n gíláàsì kan ní Àgbení,
abìdí wúwo, ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń léfòó nínú ọtí.
Lọ́jọ́ kìíní, adùn gbé e sókè: ogójì.
Lọ́jọ́ kẹrin ó ti rì: méjìlá.
Lánàá, mẹ́jọ. Lónìí, mẹ́jọ.
Bó bá tún jẹ́ mẹ́jọ lọ́la, wọ́n ní ó ti parí.
Wọ́n ní.

Àwẹ̀ró á ti rẹ́rìn-ín. Ahọ́n ni tiẹ̀.
Á tọ́ ọ wò, á dijú:
"Adùn ṣì wà lẹ́yìn. Wọn ò tíì jẹun yó."

Ọdún tí ọyẹ́ mú tí ètè gbogbo wa là,
ọtí dákẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Mo fetí sí i: kẹ́kẹ́ pa.
Mo ní ó parí. Ó ní òtútù ló mú un,
"Ẹni tó daṣọ borí ò kú, Akínlàbí."
Ta ló gbọ́? Ìgò mẹ́rìnlélógún, ìdérí irin,
mo tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Oòrùn oṣù Èrèlé wá dé sórí páànù,
ìwúkàrà jí, ebi ń pa á.
Ìgò àkọ́kọ́ bú ní nǹkan bí aago méjì òru.
Baba Mùnírù nílé kejì ké pé olè dé o,
ó gbé àdá, ó wọ ṣòkòtò lódìlódì.
Ìkejì bú. Ìkẹta.
Kílẹ̀ tó mọ́, ewúrẹ́ mẹ́ta ń lá ẹnu ọ̀nà wa.
Àpá èéfọ́ kan ṣì wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ mi,
ó gùn tó ìlà kan lára òṣùwọ̀n.

Àwẹ̀ró ò ní "ṣebí mo wí." Ó gbálẹ̀.
Ó fi aṣọ tútù bo ìgò mẹ́sàn-án tó kù,
ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, lókè báàfù,
ó yíjú sápá kan.
Ọdún yẹn náà la rò pé ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn
láàárín òun àti ìyá mi ti tán,
nítorí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Alẹ́ ti lẹ́. Àwọn ìgò ti gbẹ,
wọ́n dojú délẹ̀ lórí tábìlì.
Mo ka ení, èjì, mo kà á dé ọgọ́rùn-ún. Kò sí pó.
Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ mi wé kẹ́ẹ̀gì.
Ìyàwó mi béèrè láti orí ibùsùn: "Ṣó ti tán?"
Mo ní, "Ó dákẹ́ ni."