Òkúta Tó Ń Kà Wá

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ṣùbérù tó ń na ara ọkọ̀,
níbi tí ọ̀nà Àbẹ́òkúta ti yà wọ kọ̀rọ̀,
òkúta kan wà, kò ga ju ìbàdí mi lọ.
Wọ́n gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn sí i lára.
Ìka mẹ́rin ló kù.
Àtàǹpàkò ti lọ: ibẹ̀ ni àgbẹ̀ àtijọ́ ń pọ́n àdá.

Ìyá bàbá mi, Látúndùn ọmọ oníbodè,
ní bí òun bá ń roko lọ́mọdé,
òun a gbé ọwọ́ lé ọwọ́ òkúta,
òun a ní, "Mò ń lọ o."
Nírọ̀lẹ́, tòun ti igi ìdáná lórí,
òun a tún gbé e lé e: "Mo ti dé."
Kò dáhùn rí.
"Ṣùgbọ́n ó ń kà wá," ni ìyá wí.

Nígbà náà, iwájú rẹ̀ ni ìlú;
ẹ̀yìn rẹ̀, igbó, ẹkùn, ariwo ogun.
Lónìí mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta:
iwájú, páànù;
ẹ̀yìn, páànù tó ti dípẹtà
títí dé ibi tí ojú ríran mọ.
Ìlú fò ó kọjá, kò tilẹ̀ kí i.
Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbè onílé bí àjèjì.
Òkúta yìí, onílé ni.

Lánàá, àwọn ará ìjọba gbé ọ̀dà pupa dé.
Wọ́n fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn
sára ṣọ́ọ̀bù Ṣùbérù, sára ìsọ̀ oníkẹrosíìnì,
wọ́n kan òkúta, wọn ò wò ó lójú,
wọ́n fà á sí àárín àtẹ́lẹwọ́.
Títì fẹ́ fẹ̀ sí i.
Ṣùbérù ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á gbé e wọlé,
ó dára fún títẹ́ ilẹ̀kùn Tòyótà lé.
N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Ọsibítù kan lápá òde ni ìyá kú sí.
Òru la gbé e bọ̀ wálé, òjò ń rọ̀,
ọkọ̀ sáré kọjá níbí,
ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ̀ kalẹ̀.
Ọdún kọkànlá rèé.
Nínú ìṣirò òkúta, Látúndùn ṣì wà lóko.

Mo gbé ọwọ́ lé e.
Ọ̀dà ò tíì gbẹ.
Mo ní, "Ó ti dé o. Ẹ má bínú, ó pẹ́."

Kẹrosíìnì ni mo fi fọ ọwọ́ nílé.
Àtàǹpàkò mi ò mọ́.