Sọ̀wédowó Verna

Yìnyín ṣì bo adágún Duluth nígbà tí lẹ́tà náà dé:
dọ́là mẹ́ta, sẹ́ǹtì mọ́kànlá.
Verna Lindqvist wọ awò ojú, ó tún un kà.
Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà.

Ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin ló jẹun alẹ́ pọ̀ ní Ṣìkágò,
wọ́n fẹnu kò sí iye kan
fún ìwé tí kò ní páálí, tí kò wúwo lápò,
tí ẹnikẹ́ni ò lè ná.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà;
àyà Verna ni wọ́n sọ.

Adájọ́ ní kí kálukú lọ dá iye lé tirẹ̀.
Ó dáa. Ọjà tún dọ̀pọ̀.
Ṣùgbọ́n Amos Pruitt, tó máa ń fi ìwé pamọ́ dè é,
tó mọ̀ pé kò fẹ́ ìtàn ogun,
ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná.
Ọ̀pọ̀ náà ló pa á.
Òfin kò ní orúkọ fún ìyẹn.

Lálẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ di ńlá bí àtàǹpàkò,
ó kàwé títí oorun fi dé.
Ó ká sọ̀wédowó náà sí méjì
kó lè fi sàmì síbi tó kà dé.
Ó wá ojú ìwé tí yóò há a sí.