Ibi Tí Bàbá Mi Ti Ń Yà

Katapílà wá sí Òkè-Àró lọ́jọ́ Ajé kan,
ó hú igi àgbálùmọ̀, ó wó ìsọ̀ télọ̀ tó kọjú sí i.
Ọ̀nà fẹ̀. Títì ń dán.
Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

A ò mọ̀ pé inú orí bàbá mi
ni wọ́n ti ń wó nǹkan.

Torí Akínṣèhìnwá kì í ka àkọlé mọ́,
lẹ́tà ń sá fún un bí òròmọdìẹ.
Ṣùgbọ́n ó mọ̀: níbi àgbálùmọ̀, yà sọ́tùn-ún;
níbi tí ẹ̀rọ télọ̀ ti ń ké kà-kà-kà, rọra sọ̀ kalẹ̀;
bí o bá gbóòórùn búrẹ́dì, o ti délé.

Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò.
Bàbá mi wẹ̀yìn.
Ẹ̀yìn ti di títì.

Létí Odò Àlà ni wọ́n ti rí i lálẹ́,
ó mú bàtà lọ́wọ́, ó ń bi ẹni tó ń kọjá pé,
"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ilé mi?"
Àwọn kan rẹ́rìn-ín.
Ọlọ́kadà kan ò rẹ́rìn-ín, ó gbé e wálé, kò gbowó.
Bàbá pè mí ní Adébọ́ṣẹ̀dé, àbúrò rẹ̀ tó ti kú.
Mo dáhùn.

Mo lọ sí ọ́fíìsì kan ní Alágbàká.
Ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ fi àwòrán títì hàn mí,
ilà tó gún régé, iná tó tò lọ bí ológun.
Mo ní, "Ó dára. Níbo lèèyàn ti ń jókòó?
Níbo lẹni tó gbàgbé ti ń dúró rántí?"
Ó kọ nǹkan sílẹ̀. N ò mọ ohun tó kọ.

Orímóògùnjẹ́ fọkanáísà ni kò dúró de ìwé.
Ó ra ọ̀dà, ó kun ògiri kọ́nà wa
ní àwọ̀ àgbálùmọ̀ tó pọ́n.
Ó ri ògbólógbòó táyà méjì mọ́lẹ̀,
ó kan pákó lé e lórí: bẹ́ǹṣì dé.
Télọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà síta.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o.
Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bàbá gba iwájú ògiri náà kọjá,
kò wò ó, ó ń lọ.

Ṣùgbọ́n lónìí mo rí i lórí bẹ́ǹṣì,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri
bí ẹni tó ń yẹ ibà wò lára ọmọ.
Ó ní, "Ó ti pọ́n."
Ó dìde, ó yà sọ́tùn-ún.