Ìṣẹ́jú Mẹ́fà ní Grimsby

Aago méje, mo ti kọjá afárá Humber,
kùrukùru bo omi bí aṣọ tí wọn kò tíì fọ̀.
Nínú búùtù ọkọ̀: bébà aláwọ̀ mèremère,
sáńwíìsì èèyàn méjìlá, mẹ́ta tí kò ní ẹran,
àti bàtà gíga tí mo máa ń wọ̀ lẹ́nu ọ̀nà
kí n tó di ẹni tí ń rẹ́rìn-ín.

Maureen ní káńtà mọ̀ mí. Kò fẹ́ràn mi.
"Dókítà ò tíì ráyè." Mo jókòó ti àwọn aláìsàn.
Arúgbó kan, tí òórùn ẹja kò kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀,
bi mí pé kí ló ń ṣe mí.
Mo ní kò sí. Ó wò mí bí ẹni tó rí òpùrọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọjà mi, n kò gbọdọ̀ pè é lọ́jà.
Mo ń fi ìka tẹ àwòrán, ìlà pupa ń sọ̀ kalẹ̀
wẹ́rẹ́, bí ọmọdé tó ń yọ̀ lórí àpáta.
Wọ́n ti fòfin de bírò ọ̀fẹ́,
ẹ̀rín nìkan ló kù tí mo lè fi sílẹ̀.
Ikọ́ gbígbẹ: ẹnìkan nínú mẹ́wàá.
Mo mọ̀ ọ́n sọ, kíá, bí ẹni ń fo kòtò.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá pè mí láti Ìkìrun.
Tísà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọn kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò,
ṣùgbọ́n ikọ́ ń gé gbólóhùn wọn sí wẹ́wẹ́.
"Ọyẹ́ ni," wọ́n ní.
Oṣù kẹfà la wà.
Mo béèrè oògùn tí wọ́n ń lò.
Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín:
"Ti ilé-iṣẹ́ yín ni! Mo rí orúkọ wọn lára páálí,
mo ní n kò gba òmíràn.
Ọmọ mi ló ń tà á ní Ìlú Ọba."
Gbogbo ìgbà tí mo ń ka mẹ́wàá
n kò ka Bàbá mọ́ ọn.
Mo ní kí wọ́n lọ bá dókítà pààrọ̀ rẹ̀.
Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá rọ ohùn:
"Ṣé iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà Ashworth ní ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo ní.
Ó ń jẹ sáńwíìsì, ó ń wo aago,
ìlà pupa ń sọ̀.
"Ikọ́ ńkọ́?"
Ẹnìkan nínú
Ọ̀fun mi gbẹ.
"Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹnìkan náà fún yín," mo ní.
"Tísà ni. Ìkìrun ló ń gbé."
Ó gbé sáńwíìsì sílẹ̀.